Ẹja onípáànù nínú kòtò Àlájà

"Kì í ṣe pé ẹja ń kú. Wọn ò sí ni. Wá bá mi mú olè."

Bí Àlájà ṣe sọ ọ́ lórí fóònù nìyẹn, kò tíì tó aago méje àárọ̀. Òwò ọmọ ẹja àti oúnjẹ ẹja ni mò ń ṣe níbí ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Bí nǹkan bá ti ṣe ẹja tí èèyàn rà lọ́wọ́ mi, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè, ó sì ti mọ́ mi lára. Olè ni wọn ò tíì pè mí sí rí.

Mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ báyìí, kò sì sí ìkankan tó jọ ohun tí ojú mi rí. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ọmọ ọ̀nì la mú.

Kòtò méjì ni Àlájà ní, lẹ́bàá abàtà tó lọ sí ọ̀sà. Kékeré ò kàn wá. Èyí ńlá gùn ní mítà 20, ó fẹ̀ ní mítà 12, inú ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, kò sí símẹ́ńtì kankan níbẹ̀. Epìyà 800 ló kó sínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méje, nígbà tí Iléyá kù dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n fa àwọ̀n sí i. Epìyà tó jáde kò tó 300. Àwọ̀n tó sì jẹ́ tuntun ya níbi mẹ́ta, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ là á.

Ọmọkùnrin kan ló ń ṣọ́ kòtò náà, ọmọ Ògù, kò lè ju ọdún mọ́kàndínlógún lọ. Inú ahéré tó wà létí omi ló ń sùn, owó oṣù rẹ̀ sì jẹ́ 30,000 sẹ́fà. Àlájà ti dá owó oṣù méjì dúró mọ́ ọn lọ́wọ́. Àlàyé tirẹ̀ ò gùn: ẹja ò lẹ́sẹ̀, ẹni tó ń sùn tì wọ́n ló lẹ́sẹ̀.

Mo ní ká fa omi. Àlájà kọ́kọ́ kọ̀, nítorí epo tí ẹ̀rọ tó ń fa omi ń mu kì í ṣe owó kékeré, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ kòtò yẹn fẹ̀ sí i, kò sẹ́ni tó fa omi rẹ̀ gbẹ rí. Àwọ̀n lásán ni wọ́n fi ń kó ẹja. Mo sọ fún un pé bó bá ṣe pé olè ni, a ó mọ̀. Bí kì í bá ṣe olè, abẹ́ omi yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní kí n wá lọ́jọ́ kejì.

Omi ò tíì fà ju ìwọ̀n orúnkún lọ tí a fi rí ihò àkọ́kọ́. Márùn-ún ni wọ́n níkẹyìn, ògiri kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, èyí tó kọjú sí gọ́tà tí omi òjò ń gbà lọ sí ọ̀sà. Ihò akàn máa ń rí róbótó, ó sì kéré. Òkété kì í kọ́lé sábẹ́ omi. Èyí fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ṣóńṣó lókè, àtẹ́lẹwọ́ méjì tí a tẹ́ ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò wọ̀ ọ́. Mo dojú bolẹ̀ lórí ẹrẹ̀, mo ti apá bọ inú rẹ̀ dé èjìká, mi ò kan ìdí. Ó ń lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ara ògiri inú rẹ̀ sì dán bí ìgbà tí amọ̀kòkò fi ọwọ́ tútù ra ìkòkò.

A wá fi ọparun wọ̀n wọ́n. Mẹ́rin jìn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80 sí 100. Ní ti ìkarùn-ún, ọparun ń lọ, ó ń lọ, àfi bí ọmọ yẹn ṣe pariwo láti inú gọ́tà lẹ́yìn:

"Ẹ̀gbọ́n, orí ọparun yín rèé o!"

Mo wo Àlájà. Àlájà ń wo gọ́tà.

Kí n má purọ́ mọ́ agbẹ́hò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú kòtò yẹn fẹ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n gé wọ̀. Ògiri tó yẹ kó nípọn tó mítà méjì wá ku bíi mítà kan. Mo sọ ọ́ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ń rántí pé mo sọ ọ́, àfi èmi náà.

Ó di ọ̀sán kí kòtò tó ku ẹrẹ̀ lásán. Ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ rí i: ó wà nínú ẹrẹ̀ bí ìtì igi tó ti rà, ó dúdú, ó ní tótòtó lára bíi ti ẹkùn, kò mira. Mo ṣàkíyèsí pé ọmọ náà fà sẹ́yìn kó tó wò ó dáadáa. Mo fi ìyẹn sínú.

Mo gbá ìdí ìrù rẹ̀ mú. Ọwọ́ mi ò bá ìpẹ́, kò sì bá awọ yíyọ̀ bíi ti àrọ̀. Egungun ni. Egungun pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tó gun orí ara wọn láti ọrùn dé ìrù bí páànù òrùlé, tí gbogbo wọn sì hu ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sẹ́yìn. Bí o bá fọwọ́ ra á láti orí lọ sí ìrù, kò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Bí o bá ra á padà, ọwọ́ á bó. Abẹ́ ikùn nìkan ló rọ̀. Bí mo ṣe gbé e sókè, ó na lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì síta gbọnrangandan. Ẹ̀gún tó wà níwájú wọn nípọn tó ìka ọwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀ láti oríkèé wọn, bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Mo ti mọ ohun tó ya àwọ̀n. Abẹ́ orí ni ẹnu rẹ̀ wà, roboto, ètè rẹ̀ tẹ́ bí ìdérí ife, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àlájà ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ojú rẹ̀, òun ló sì fi ohun tí mi ò rí hàn mí. Oòrùn ti gankan. Láti òkè ẹyinjú ẹja náà, awọ kan ń rọra sọ̀ kalẹ̀, ó bo àárín ojú, títí tó fi jẹ́ pé dúdú ẹyinjú ku tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọdọrọ.

"Oṣù ààwẹ̀ rèé," ni Àlájà wí. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo bọ́ fìlà mi, mo fi ṣíji bò ó. Kò pẹ́ púpọ̀, awọ náà gòkè padà, ojú là. Bó ṣe ń dín ìmọ́lẹ̀ kù fún ara rẹ̀ nìyẹn, nítorí òru ni tirẹ̀.

Mẹ́ta la rí. Èyí tó gùn jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 41, ìkejì 38, ìkẹta 33. A rọ wọ́n sínú àpò ìrẹsì tí a rẹ sómi, a gbé e sábẹ́ igi máńgòrò. A kírun Alásàrí tán, a padà wá, wọ́n ṣì ń mí. Bàbá kan ládùúgbò, tó ti wá wòran látàárọ̀, mi orí, ó ní ẹja tí kò kú lórí ilẹ̀ kì í ṣe ẹja lásán. Mo ní, "Bàbá, ṣé àrọ̀ kì í wà láàyè nínú agbada ní ọjà Ouando látàárọ̀ dalẹ́ ni?" Àrọ̀ ní ohun tó fi ń mí afẹ́fẹ́ nínú orí, ikùn ni èyí ń lò. Ó ń gòkè wá gbé afẹ́fẹ́ mì, ara ikùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó kún fún iṣan ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń wọ ẹ̀jẹ̀. Bàbá gbọ́, kò gbà.

Lálẹ́, mo jókòó ti orúkọ. Pléco ni àwọn tó ń ta ẹja inú gíláàsì ń pe gbogbo ìran rẹ̀, orúkọ tí wọ́n gé láti ara Hypostomus plecostomus tí Linnaeus, onímọ̀ tó sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀dá lórúkọ, kọ sílẹ̀ ní 1758. Ṣùgbọ́n lẹbẹ ẹ̀yìn ló ń tú àṣírí. Ti plecostomus yẹn, lẹ́yìn ẹ̀gún iwájú, ọ̀pá rírọ̀ méje péré ló gbé lẹbẹ náà dúró. Mo tẹ́ ti ẹja wa sórí pákó tó tutù, mo ṣí i bí agboòrùn, mo fi abẹ́rẹ́ ń tọ́ka sí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Mo kà á ní mọ́kànlá. Mo tún un kà, ó di méjìlá. Mo gbé fìtílà súnmọ́ ọn, mo kà á lẹ́ẹ̀kẹta: méjìlá ni, èyí tó kẹ́yìn ló kéré tó fi sá mọ́ mi lójú. Bó bá ti tó mẹ́wàá sókè, Pterygoplichthys ni. Mo wá yí wọn dojú sókè. Ikùn àwọn méjì ní tótòtó dúdú tó dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Pardalis nìyẹn, tí onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Castelnau kọ sílẹ̀ ní 1855, ọmọ odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ti ìkẹta, àwọn àmì náà so mọ́ ara wọn bí ipa kòkòrò nínú igi, bíi ti disjunctivus tó wá láti odò Madeira, ẹ̀ka Amazon kan. Àwọn méjèèjì sì máa ń gun ara wọn níbi tí èèyàn bá kó wọn pọ̀ sí, nítorí náà Pterygoplichthys nìkan ni mo kọ síwájú ìkẹta, mo sì fi bíírò mi sílẹ̀.

Odò Amazon kò ṣàn dé Àjàṣẹ́. Ta ló kó o wá? Lọ́jọ́ kejì tí mo ń ṣàlàyé ibi tí wọ́n ti wá, Bàbá àná yẹn ní ó ti yé òun: Àgùdà ni wọ́n, wọ́n tẹ̀lé àwọn èèyàn wọn ti Bràsíl dé, bí mọ́ṣáláṣí ńlá wa ṣe tẹ̀lé wọn dé tòun ti ojú ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. (Àgùdà ni à ń pe àwọn tó padà dé láti oko ẹrú ní Bràsíl àti àwọn ọmọ wọn. Bahia ni àwọn baba wọn pọ̀ sí, Bahia sì jìnnà réré sí Amazon, àmọ́ ta ló fẹ́ ba irú àwàdà yẹn jẹ́?) Láti ọjọ́ náà, ẹja Àgùdà ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju orúkọ tí àwọn apẹja Mẹ́síkò sọ ọ́ lọ. Ẹja Sàtánì ni wọ́n ń pè é.

Ẹnì kan tí kò rẹ́rìn-ín ni Àlájà. Ó ti ń tẹ fóònù. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kútọnu ló pè, ó sì tẹ ẹ́ kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwọn tó ń nu gíláàsì yẹn ni."

Ó ti ra wọ́n nígbà tí wọn ò ju ìka lọ, kí wọ́n lè máa lá ewé tó ń hù lára gíláàsì ẹja rẹ̀. Ẹni tó tà á kò sọ fún un pé wọ́n lè gùn tó apá. Wọ́n dàgbà, wọ́n ń fi ìrù gbá gíláàsì lóru, wọ́n tú gbogbo òkúta inú rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ kó lọ sí ilé tuntun, ó kó wọn sínú kúlà, ó gbé wọn wá bá ìyá àgbà rẹ̀ ṣọdún. Nígbà tí gbogbo ilé ń jẹun, ó lọ dà wọ́n sínú kòtò, kí wọ́n lè ráyè. Ó ti tó ọdún méjì. Ó ní ọ̀sà lábẹ́ afárá ni òun kọ́kọ́ fẹ́ dà wọ́n sí, àwọn èèyàn ló pọ̀ níbẹ̀. Kí Ọlọ́run bùkún gbogbo ẹni tó dúró lórí afárá lọ́jọ́ yẹn.

Mo bi í pé mélòó ni wọ́n.

"Mẹ́rin ni, Bọ̀dá."

Mẹ́ta ló wà nínú àpò. Ọkàn mi sì lọ sí ihò karùn-ún.

Ẹni tí kò mọ ọ̀sà wa lè ní kí ni ẹja kan máa ṣe. Lọ wo akájà: ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja ń rì mọ́ ẹrẹ̀ bí ọgbà, tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ máa hù bo igi náà, epìyà ọ̀sà á wá jẹ ẹ́, á sá pamọ́ síbẹ̀, á pọ̀ síbẹ̀. Ohun yíyọ̀ lára igi yẹn gan-an ni ẹja Àgùdà fi ń ṣe oúnjẹ. Bí èèyàn bá jókòó láti wá ilé tó máa bá a lára mu jù lọ láyé, akájà ló máa kọ́. Akọ wọn ló ń gbẹ́ ihò sí etí odò, kí abo lè yé ẹyin síbẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún lẹ́ẹ̀kan, akọ á sì dúró ṣọ́ wọn. Ohun tó bá sì fẹ́ gbé e mì á bá ẹ̀gún pàdé. Iyọ̀ díẹ̀ nínú omi ò dí i lọ́wọ́, nígbà tí odò Wẹ̀mẹ̀ bá sì kún, omi dídùn ló ń bo gbogbo ibẹ̀. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ ò sì dá wà. Omi rẹ̀ bá Àgbádárìgì lọ dé Èkó.

Ó ti ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Ní adágún Infiernillo ní Mẹ́síkò, epìyà ni àwọn apẹja ń pa jẹun, àfi ìgbà tí ẹja yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kún àwọ̀n wọn, tó ń ya á. Ó wà ní Florida, ó wà nínú adágún Laguna de Bay ní Filipíìnì, ó wà nínú odò Umhlatuzana nítòsí Durban ní Gúúsù Áfríkà, tó jẹ́ ilẹ̀ Áfríkà bíi tiwa. Kò sí èyí tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Gíláàsì ẹni kan ló kéré fún un. Àwa náà kúkú ní ewéko olódòdó àlùkò tó ń léfòó bo ojú ọ̀sà títí ọkọ̀ ò fi ríbi kọjá. Apá Amazon lòun náà ti wá, ẹwà òdòdó rẹ̀ ló sì gbé e kiri ayé.

Mo lọ bá àwọn apẹja mẹ́rin tí mo mọ̀, mo fi àwòrán hàn wọ́n lórí fóònù. Kò sẹ́ni tó rí i rí. Mo padà sí kòtò lálẹ́, ara mi ò balẹ̀.

Ọmọ tó ń ṣọ́ kòtò ti ń dúró dè mí lẹ́nu ahéré. Ó ń họ orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ìkẹrin ò lọ sí ọ̀sà."

Nígbà òjò ọdún tó kọjá, lóru kan tí omi kún bo etí kòtò, ó jáde láti lọ wo ògiri, iná ìléwọ́ rẹ̀ sì bá nǹkan kan tó ń wọ́ ara rẹ̀ lórí ọ̀nà, tó ń fi apá gbọ́n ilẹ̀, tó ń dún. Ó fi àdá ṣá a. Àdá yọ̀ lára rẹ̀. Ó tún ṣá a, ó yọ̀. Ìgbà kẹta ló tó bá orí. Ó gbẹ́ ilẹ̀ sẹ́yìn ahéré, ó sin ín, ó gbé òkúta lé e, kò sì sùn mọ́jú.

A wú u pẹ̀lú iná fóònù. Ẹran ti jẹrà tán, kò ku nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹja ṣì wà níbẹ̀! Àwọn egungun pẹlẹbẹ yẹn ṣì tò bí wọ́n ṣe tò lọ́jọ́ tó ń rìn, orí rẹ̀ dà bí akoto, ojú ihò méjì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo iyẹ̀pẹ̀ kúrò, mo rí ojú àdá: ìlà méjì tó kàn họ egungun, àti ẹyọ kan tó là á. Lẹbẹ ẹ̀yìn ti já dànù, mi ò rí ọ̀pá kankan kà. Kò ṣe nǹkan kan. Ó pé mẹ́rin.

Láàárọ̀, Àlájà bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ.

"Ẹ ti ní mo jí epìyà, Ìyá. Tí mo bá tún ní mo pa iwin ńkọ́?"

Àlájà ò fèsì. Ó wọlé.

Ìròyìn tí mo kọ fún un ò ju ìlà mélòó kan lọ. Ẹja Àgùdà kì í jẹ epìyà. Ewé omi, ìdọ̀tí àti ìyókù oúnjẹ ló ń họ jẹ, ìfun rẹ̀ sì gùn, ó ká sínú ikùn bí okùn tí wọ́n wé. Ẹja mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò lè pa 500 run. Wọ́n gbẹ́ ihò, ògiri tín-ín-rín jẹ́ kí ọ̀kan lu jáde, gọ́tà kún lásìkò òjò, epìyà gba ibẹ̀ lọ. Kò sí olè.

Ọjọ́ méjì la fi yọ ẹrẹ̀ pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tí a sì ń fọwọ́ wá inú ihò kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹyin tàbí ọmọ wà níbẹ̀. A ò rí ìkankan. A wó ihò, a da ẹfun tí wọ́n fi ń kun ògiri sí ìsàlẹ̀, a fi kòtò sílẹ̀ fún oòrùn fún ọjọ́ mẹ́wàá, wọ́n sì mọ ògiri ẹ̀gbẹ́ gọ́tà nípọn.

Ọmọ ọmọ náà dé lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti sọ fún wọn pé ní Manaus, ìlú kan ní agbègbè Amazon ní Bràsíl, tòun ti páànù rẹ̀ ni wọ́n ń yan án lórí èédú, wọ́n á wá ṣí i bí agolo. Pé ní Santarém, ìlú mìíràn níbẹ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní piracuí. Nítorí náà a yan èyí tó gùn jù. Ẹran rẹ̀ funfun, ó le díẹ̀, adùn rẹ̀ ò jìnnà sí ti ọ̀bọ̀kún, ìdí ìrù ló sì pọ̀ sí. Àlájà tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré. "Ariwo rẹ̀ pọ̀ ju ẹran rẹ̀ lọ," ó ní.

Níbẹ̀ ló ti ka 60,000 sẹ́fà lé ọmọ Ògù yẹn lọ́wọ́, lójú gbogbo wa. Owó àwọ̀n àti ti epo, ọrùn ọmọ ọmọ rẹ̀ ló gbé e sí. Ìyẹn náà ò jiyàn. Ó kàn sún mọ́ mi nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní Kútọnu ní méjì, àwọn náà ti ń fi ìrù gbá gíláàsì, ó sì ti ń bi òun léèrè ibi tí òun gbé tòun sí.

Mo gba nọ́ńbà rẹ̀. Sátidé ni mò ń lọ, pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Àlájà ní kí n ra èédú bọ̀.